Iná jó aláìsàn: láti ìgbà wo la ti ń ka wákàtí mẹ́jọ àkọ́kọ́?

Sítà Ìkọ̀lé

Èkìtì Kete, mo kí yín o. Ẹ̀yin nọ́ọ̀sì àti dókítà tó wà níbí, ẹ bá wa dá sí ọ̀rọ̀ kan tó ti ń fa awuyewuye láàárín èmi àti ẹnìkejì mi lẹ́nu iṣẹ́.

Lálẹ́ ọjọ́ kan, wọ́n gbé ọkùnrin kan wá láti abà. Ó ń rọ bẹntiróò sínú jẹnẹrétọ̀ tí kò tíì pa, iná bá gbé e. Aago mẹ́jọ alẹ́ ni iná jó o, ṣùgbọ́n kí wọ́n tó rí ọkọ̀, kí wọ́n sì tó dé ọ̀dọ̀ wa, aago mọ́kànlá ti lù. Iwájú rẹ̀ jó láti àyà dé ikùn, apá ọ̀tún jó láti èjìká dé ọwọ́, itan rẹ̀ kan sì jó ní ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ mẹ́ta. Dókítà ka gbogbo rẹ̀ sí pásẹ́ǹtì 30 nínú awọ ara rẹ̀. Ọkùnrin náà wọn kílò 70. Wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ pé kí a fún un ní Ringer's lactate, omi dírípù oníyọ̀ kan, mílílítà 4 fún kílò kọ̀ọ̀kan fún pásẹ́ǹtì kọ̀ọ̀kan. Ó jẹ́ mílílítà 8,400 lápapọ̀: ìdajì rẹ̀, 4,200, ní wákàtí mẹ́jọ àkọ́kọ́, ìyókù ní wákàtí mẹ́rìndínlógún tó tẹ̀ lé e.

Ibẹ̀ ni ìjà ti bẹ̀rẹ̀. Ẹnìkejì mi ní aago méje àárọ̀ ni 4,200 yẹn gbọ́dọ̀ parí, torí aago mọ́kànlá la so omi mọ́ ọn. Èmi ní aago mẹ́rin ìdájí ni. Ó ní, "Aláìsàn tí kò tíì sí lọ́wọ́ wa, báwo la ṣe fẹ́ ka wákàtí rẹ̀?" Dókítà ti wọ tíátà lọ bá aboyún, kò sẹ́ni tá a máa bi. A ò sì ní ẹ̀rọ tó ń wọn dírípù, ojú àti aago ọwọ́ la fi ń ṣe é.

Ọkùnrin náà ti kúrò lọ́dọ̀ wa lọ sí ọsibítù ńlá, ara rẹ̀ sì ń mókun. Ṣùgbọ́n ẹlòmíì ṣì máa wá. Nínú àwa méjèèjì, ta ló jàre?

Màmá Afẹ̀yìntì

Ọmọ mi, ìwọ lo jàre. Ìgbà tí iná jó o ni aago bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe ìgbà tó wọ géètì yín.

Tí ìjóná bá ti pọ̀ tó bẹ́ẹ̀, àwọn òpójẹ̀ tín-ín-rín a bẹ̀rẹ̀ sí í jò, kì í sì í ṣe níbi tó jó nìkan, káàkiri ara ni. Omi inú ẹ̀jẹ̀ á máa sun jáde bọ́ sínú ẹran ara. Òun ló fà á tí ẹni tí iná jó lójú lálẹ́ kì í fi í lè la ojú mọ́ tó bá di àárọ̀. Wákàtí mẹ́jọ sí méjìlá àkọ́kọ́ ló máa ń jò jù. Jíjò náà ò dúró de ọkọ̀, kò sì dúró de nọ́ọ̀sì. Ọkùnrin yẹn ti fi wákàtí mẹ́ta pàdánù omi kó tó rí yín, gbèsè rẹ̀ ló gbé dé.

Nítorí náà, wákàtí márùn-ún ló kù nínú mẹ́jọ. 4,200 nínú wákàtí márùn-ún, 840 ní wákàtí kan. Okùn dírípù tó ń kán 20 sí mílílítà kan, ìyẹn jẹ́ ìkán 280 ní ìṣẹ́jú kan. Ta ni ojú ẹ̀ máa ká ìyẹn? Kánúlà méjì, ọ̀pá tín-ín-rín tí omi ń gbà wọ òpójẹ̀, ni kí ẹ fi sí i, èyí tó tóbi, nọ́ńbà 16 tàbí 18, ọ̀kan lápá kan, èkejì lápá kejì. Awọ tí kò jó ni kí ẹ wá, ṣùgbọ́n bí kò bá sí, ẹ gba ibi tó jó wọlé, kò sí èèwọ̀ níbẹ̀. Kí ẹ wá gbé òpó dírípù sókè dáadáa.

Ẹ má sì jókòó ka ìkán. Báàgì ni kí ẹ fi wọn. Tó bá jẹ́ 840 ní wákàtí kan, báàgì 500 kan gbọ́dọ̀ tán ní nǹkan bí ìṣẹ́jú 36, tí ẹ bá ka okùn méjèèjì pọ̀. Ẹ lẹ pílásítà mọ́ báàgì, ẹ kọ aago tí ẹ so ó àti aago tó yẹ kó tán sí i lára. Ẹni tó bá ń kọjá lọ yóò rí i bó bá ti pẹ́ jù tàbí tó yá jù. Bí a ṣe ń ṣe é nígbà tiwa nìyẹn, tí wọ́ọ̀dù kún fọ́fọ́ tó sì jẹ́ nọ́ọ̀sì kan péré ló wà lẹ́nu iṣẹ́.

Ṣùgbọ́n o ò sọ ohun tí mo ń retí. Mélòó ni ìtọ̀ rẹ̀?

Dókítà Òkè

Ẹ kú iṣẹ́ Mọ̀mí. Ìbéèrè ìtọ̀ yẹn ni gbogbo ọ̀rọ̀.

Ìṣirò tí wọ́n lò yẹn ni wọ́n ń pè ní Parkland, orúkọ ọsibítù kan ní Dallas ní Amẹ́ríkà, níbi tí Charles Baxter àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti gbé e jáde ní 1968. Ìṣirò tó dáa ni. Ṣùgbọ́n mo ti rí àwọn èèyàn tí wọ́n sọ ọ́ di òfin, tí wọ́n ń sáré bá 4,200 bíi pé ọlọ́pàá ló ń lé wọn. Ibi tí a ti ń bẹ̀rẹ̀ ló ń sọ. Láti wákàtí kejì lọ, ìtọ̀ ló ń pàṣẹ.

Ẹ wò ó báyìí. Ìlànà tí ọ̀pọ̀ ń tẹ̀ lé lónìí, títí kan èyí tí ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ ìjóná ní Amẹ́ríkà gbé jáde ní 2023, ni pé kí a fi mílílítà 2 bẹ̀rẹ̀ fún àgbàlagbà dípò 4. Ọkùnrin kan náà, 2 × 70 × 30, ó di 4,200 fún ọjọ́ kan gbáko. Ìdajì rẹ̀ 2,100, nínú wákàtí márùn-ún, 420 ní wákàtí kan. Ìyàtọ̀ ìlọ́po méjì lórí aláìsàn kan ṣoṣo! Ta ni yóò sọ èyí tó bá a mu? Kàtítà inú àpòòtọ̀ rẹ̀ ni, rọ́bà tó ń gba ìtọ̀ jáde. Ìtọ̀ àgbàlagbà yẹ kó tó mílílítà 0.5 fún kílò kọ̀ọ̀kan ní wákàtí kan. Tirẹ̀, 35. Bó bá wà láàárín 30 sí 50, ẹ fi omi síbi tó wà. Bó bá lọ sí 20, ẹ fi bí ìdá kan nínú márùn-ún tàbí díẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ kún omi tó ń wọlé. Bó bá jẹ́ 80, ẹ dín in kù ní ìwọ̀n kan náà, ẹ má yọ̀ pé ó ń tọ̀ dáadáa. Lẹ́yìn wákàtí kan, ẹ tún wò ó.

Ìdí tí mo fi ń tẹnu mọ́ dídín kù ni pé wọ́ọ̀dù wa mọ omi í fi kún, a ò mọ̀ ọ́n dín. Ní 2000, Basil Pruitt kọ̀wé pé àwọn aláìsàn ìjóná ti ń gba omi ju bó ṣe yẹ lọ. Omi àpọ̀jù kì í ṣe ohun eré. Ẹ̀dọ̀fóró á kún, ikùn á le gbandi débi pé kò ní jẹ́ kí aláìsàn mí, kíndìnrín tí a tìtorí rẹ̀ fún un lómi á tún kọṣẹ́, apá tó wú á fún òpójẹ̀ pa.

Nọ́ọ̀sì Òru

Ẹ káàárọ̀ o. Èmi gan-an ni ẹnìkejì tí Sítà fẹjọ́ rẹ̀ sùn. Mo ti ka ọ̀rọ̀ yín, Màmá, mo sì gbà pé láti ìgbà tí iná ti jó o la ti ń kà á. Ṣùgbọ́n ohun tó ń bà mí lẹ́rù kò tíì tán. Ká ní ọkùnrin yẹn pẹ́ lọ́nà, ká ní wákàtí keje ló dé. Ṣé lítà mẹ́rin ó lé ni ká dà sí i lára láàárín wákàtí kan? Torí ohun tí ìṣirò yẹn á sọ nìyẹn. Ọkàn ẹni ọgọ́ta ọdún ò lè gbà á.

Dókítà Òkè

Ìbéèrè gidi nìyí, ẹ̀rù yẹn sì tọ́ sí yín.

Rárá, a kì í dà á báyẹn. Tí aláìsàn bá pẹ́ kó tó dé, ìṣirò ń sọ fún wa pé ó jẹ gbèsè, kò ní kí a san án lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ẹ fi ìwọ̀n tí ìbá máa gbà ní wákàtí kan ká ní ó tètè dé bẹ̀rẹ̀, tàbí díẹ̀ sí i, kí ẹ wá wo ìtọ̀, ìlùkìkì ọkàn, ìfúnpá ẹ̀jẹ̀, bóyá ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rẹ̀ tutù, bóyá orí rẹ̀ pé. Kí ẹ máa gùn ún lọ láti ibẹ̀. Bí ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ bá ti já wálẹ̀ nìkan la máa ń sáré fún un ní omi díẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ẹ sì gbọ́dọ̀ pe dókítà ná. Ẹ tún wádìí bóyá nǹkan mìíràn wà níbẹ̀: ẹni tó fò láti òkè ilé nítorí iná lè máa sun ẹ̀jẹ̀ nínú.

Fún ẹni tó dá wà lẹ́nu iṣẹ́ tí kò tíì ráyè ka pásẹ́ǹtì, nínú ìlànà tí èmi kọ́, iye tí wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀ rèé: ọmọ ọdún 5 sísàlẹ̀, 125 ní wákàtí kan, ọmọ ọdún 6 sí 13, 250, ọdún 14 sókè, 500. Ó wà fún àsìkò kékeré tí ẹ fi ń bọ́ aṣọ lára rẹ̀ tí ẹ sì ń wọ̀n ọ́n. Ẹ wò ó, 500 yẹn ò jìnnà sí 420 tí a kà lẹ́ẹ̀kan fún ọkùnrin kílò 70.

Ọmọ Alágàárì

Ẹ jọ̀ọ́, èmi kì í ṣe nọ́ọ̀sì o, ẹ má lé mi. Ìyá mi ń yan gàárì ní ìlú wa, ẹ̀gbẹ́ Ìjẹrò, gbogbo ọdún la máa ń rí ẹni tí iná tàbí epo gbígbóná ṣe léṣe. Bó bá ti ṣẹlẹ̀ báyìí, epo pupa ni wọ́n máa kọ́kọ́ dà lé e, ẹlòmíì á fọ́ ẹyin adìyẹ sí i, tàbí kó fi ògì kùn ún. Ẹnì kan lo ọṣẹ ìfọyín níṣojú mi. Ẹ̀yin tí ẹ ń ka mílílítà, èwo nínú rẹ̀ ló dáa? Nǹkan kejì: òùngbẹ máa ń gbẹ wọ́n gan-an, àwọn àgbà á sì ní kí a má fún wọn lómi mu pé yóò pa wọ́n. Ṣé òótọ́ ni?

Màmá Afẹ̀yìntì

Ta ló máa lé ọ? Ìwọ lo wà nídìí iná, àwa ìkẹ́yìn la ń dé.

Kò sí èyí tó dáa nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Epo pupa ń di ooru mọ́ inú awọ. Ẹyin tútù ní kòkòrò àrùn. Ògì àti ọṣẹ ìfọyín á gbẹ mọ́ egbò, àwa la máa ha á kúrò, aláìsàn á sì máa pariwo. Omi ni oògùn àkọ́kọ́. Omi tó tutù níwọ̀nba, èyí tó ń ṣàn, fún ogún ìṣẹ́jú gbáko. Bí kò bá sí ẹ̀rọ omi, ẹ máa fi agolo bù ú dà sí i láti inú dúrọ́ọ̀mù. Bí ẹ kò bá rántí lójú ẹsẹ̀, ó ṣì wúlò títí di wákàtí mẹ́ta. Ẹ má lo yìnyín o, ó ń pa awọ ara sí i. Ẹ tètè bọ́ òrùka, ìlẹ̀kẹ̀ àti aago ọwọ́ kó tó wú. Aṣọ tó bá ti lẹ̀ mọ́ ara, ẹ má fà á. Ẹ fi aṣọ mímọ́ tó gbẹ bò ó, kí ẹ gbéra.

Ọmọ kékeré, tàbí ẹni tó jó púpọ̀, ẹ ṣọ́ra kí òtútù má mú un nígbà tí ẹ bá ń dami sí i, pàápàá lásìkò ọyẹ́. Ibi tó jó ni kí ẹ tutù, ìyókù ara rẹ̀ kí ẹ fi nǹkan bò ó.

Ti omi mímu: ẹni tí ojú rẹ̀ dá, tí kò bì, tí ìjóná rẹ̀ kò pọ̀, ẹ fún un lómi. ORS, omi tí a po iyọ̀ àti ṣúgà pọ̀ sí, ló dáa jù, kó máa mu ún díẹ̀díẹ̀. Omi lásán lámu-ún-mután kọ́, torí iyọ̀ ara rẹ̀ náà ń lọ. Àgbàlagbà tí ìjóná rẹ̀ kò tó pásẹ́ǹtì 20, ọmọdé tí tirẹ̀ kò tó 10, ọ̀pọ̀ wọn lè fi ẹnu gba omi wọn. Èyí tó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ nílò dírípù, ṣùgbọ́n bí ọ̀nà bá jìn, ẹ fún òun náà ní ORS lọ́nà, bó bá lè gbé e mì. Ẹni tó ti dákú tàbí tó ń bì, ẹ má fi ohunkóhun sí i lẹ́nu.

Akẹ́kọ̀ọ́ Adó

Ẹ jọ̀ọ́ mà, pásẹ́ǹtì yìí ló máa ń dà mí láàmú nínú ìdánwò. Báwo ni ẹ ṣe ń kà á lójú ẹsẹ̀? Ṣé ti ọmọdé yàtọ̀?

Sítà Ìkọ̀lé

Jẹ́ kí n gba èyí, àbúrò. Ìṣirò mẹ́sàn-án-mẹ́sàn-án la fi ń kà á, Alexander Wallace ló kọ ọ́ síta ní 1951. Orí àti ọrùn 9, apá kọ̀ọ̀kan 9, ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan 18, iwájú ara láti àyà dé ikùn 18, ẹ̀yìn 18, ojú ara 1. Ibi tó jó gátagàta, fi àtẹ́lẹwọ́ aláìsàn náà pẹ̀lú ìka rẹ̀ wọ̀n ọ́n, 1 ni. Àtẹ́lẹwọ́ tirẹ̀ o, kì í ṣe tìẹ!

Ibi tó kàn pọ́n lásán, tí kò lé ròrò, má kà á mọ́ ọn. Ibẹ̀ ni iye ti máa ń ga sódì.

Ọmọ ọwọ́, orí rẹ̀ nìkan tó 18, ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan 14. Bó ṣe ń dàgbà ni orí ń kéré sí i tí ẹsẹ̀ ń pọ̀ sí i. Tí àwòrán ara tí Lund àti Browder fi ń ka pásẹ́ǹtì bá wà ní wọ́ọ̀dù yín, èyí tó ti wà láti 1944, òun ni kí o lò fún ọmọdé.

Dókítà Òkè

Ẹ jẹ́ kí n fi ìṣirò ọmọdé kan kún un, torí omi gbígbóná ló ń gbé wọn wá jù. Ọmọ kílò 12, pásẹ́ǹtì 15. Fún ọmọdé, mílílítà 3 la fi ń bẹ̀rẹ̀: 3 × 12 × 15 jẹ́ 540. Ìdajì, 270, ní wákàtí mẹ́jọ, bí ó bá tètè dé, nǹkan bí 34 ní wákàtí kan. Okùn dírípù àwọn ọmọdé tó ń kán 60 sí mílílítà kan ni kí ẹ lò, torí ìkán 34 ní ìṣẹ́jú kan náà ni. Kò sí ìṣirò mìíràn.

Ṣùgbọ́n ọmọdé ò ní ṣúgà púpọ̀ nípamọ́ nínú ẹ̀dọ̀ bíi tiwa. Yàtọ̀ sí omi ìjóná, ó gbọ́dọ̀ gba omi ojoojúmọ́ rẹ̀ tó ní ṣúgà nínú: mílílítà 4 fún kílò kọ̀ọ̀kan nínú mẹ́wàá àkọ́kọ́, 2 fún kọ̀ọ̀kan nínú méjì tó kù, 44 ní wákàtí kan. Èyí ò yí padà pẹ̀lú ìtọ̀, ti Ringer's nìkan lẹ máa fi kún tàbí dín kù. Ìtọ̀ rẹ̀ yẹ kó tó 12, ìyẹn mílílítà 1 fún kílò. Ẹ máa yẹ ṣúgà ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò.

Oníṣègùn Kẹ́míìsì

Ẹ gbà mí láyè díẹ̀. Èmi ni àwọn ẹbí máa ń sáré wá bá láàárín òru pẹ̀lú ìwé pélébé, kí n sọ èyí tó kàn mí.

Àríyànjiyàn 2 àti 4 yìí kì í ṣe ti dókítà nìkan o, ti àpò ẹbí náà ni. 8,400 jẹ́ báàgì 500 mẹ́tàdínlógún. 4,200 jẹ́ mẹ́sàn-án. Ẹni tó ti ya owó ọkọ̀ láti abà, mẹ́jọ tó jẹ́ ìyàtọ̀ àárín wọn lè jẹ́ owó kàtítà, òwú àti oògùn ìrora. Ẹ kọ báàgì mẹ́rin tàbí márùn-ún ná, ẹ wo ìtọ̀, kí ẹ tó tún kọ òmíràn.

Èkejì, tí Ringer's bá tán ńkọ́? Ó ń tán. Normal saline, omi iyọ̀ lásán, kì í ṣe ẹgbẹ́ rẹ̀: kílóráídì inú rẹ̀ jẹ́ mílímólù 154 nínú lítà kan, ti Ringer's jẹ́ nǹkan bí 109. Tó bá wọ ara lọ́pọ̀ lítà, ó ń sọ ẹ̀jẹ̀ di kíkan. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ òun nìkan ló wà, ẹ so ó mọ́ ọn, ẹ má fi aláìsàn dúró de Ringer's, kí ẹ pààrọ̀ rẹ̀ tó bá dé. Omi ṣúgà lásán ni kí ẹ má fi dí i fún àgbàlagbà.

Ẹ̀kẹta, ẹ jọ̀wọ́, abẹ́rẹ́ apakòkòrò olówó iyebíye ní ọjọ́ àkọ́kọ́, kí ni fún? Egbò tí kò tíì kó àrùn ò nílò rẹ̀, ó kàn ń kọ́ kòkòrò ní agídí ni. Abẹ́rẹ́ TT, èyí tó ń dènà tẹ́tánọ́ọ̀sì, ni kí ẹ má gbàgbé.

Nọ́ọ̀sì Òru

Kẹ́míìsì, Ọlọ́run á bùkún yín fún ti báàgì yẹn. Ẹbí ọkùnrin ọjọ́ yẹn ra gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ni.

Màmá, yàtọ̀ sí omi, kí ni ẹ máa ń wò tí àwa ọ̀dọ́ kì í wò?

Màmá Afẹ̀yìntì

Ohùn rẹ̀. Kí n tó fọwọ́ kan dírípù rárá, màá ní kó pe orúkọ rẹ̀ fún mi. Bí ohùn bá ti há, bí irun imú bá ti jó, bí ó bá ń tutọ́ dúdú, bó bá jẹ́ inú yàrá títì ni iná ti ká a mọ́, ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ ń wú lọ nìyẹn. Ẹ fún un ní ọ́síjìn, ẹ gbé orí ibùsùn sókè, ẹ pe ẹni tó lè fi túùbù sí i lọ́fun kíá. Tí ẹ bá dúró di ìgbà tí kò lè mí mọ́, túùbù ò ní wọlé. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹ̀rọ tó ń wọn ọ́síjìn tí ẹ fi sí i níka tàn yín: èéfín iná máa ń jẹ́ kó kọ 98 fún ẹni tí ọ́síjìn kò tó nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀.

Àwọ̀ ìtọ̀, kì í ṣe iye rẹ̀ nìkan. Ẹni tí iná NEPA gbé, awọ rẹ̀ lè má jó ju ìka méjì lọ, kí ẹran inú sì ti jinná. Bí ìtọ̀ bá pọ́n bí omi ìṣápá, ẹran ara tó kú ló ń gba kíndìnrín kọjá. Ti irú wọn, 35 ò tó, ẹ wá 75 sí 100 ní wákàtí kan títí yóò fi mọ́. Ẹ sì ṣọ́ ọkàn rẹ̀.

Ibi tí iná jó yí po. Apá, ẹsẹ̀ tàbí àyà tó jó yíká, awọ tó ti le yẹn kì í nà nígbà tí inú bá ń wú. Ní wákàtí wákàtí, ẹ fọwọ́ kan ìka rẹ̀, ṣé ó tutù, ṣé ó ń ta á, ṣé ẹ̀jẹ̀ ń padà tí ẹ bá tẹ èékánná? Ẹ gbé apá náà ka orí ìrọ̀rí. Bó bá ti ń kú lọ, dókítà gbọ́dọ̀ fi ọ̀bẹ la awọ náà kó lè mí.

Ìrora. Ẹ má gún wọn ní abẹ́rẹ́ ìrora sínú iṣan ìdí ní ọjọ́ àkọ́kọ́. Ẹ̀jẹ̀ ò lọ síbẹ̀ dáadáa, oògùn á kàn jókòó síbẹ̀, ẹ ó rò pé kò ṣiṣẹ́, ẹ ó tún gún un, tí omi bá wá kún ara rẹ̀ tán, gbogbo rẹ̀ á wọ inú ẹ̀jẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Inú òpójẹ̀ ni kí morphine gbà, díẹ̀díẹ̀, kí ẹ máa ka mímí rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ sì ni, ẹni tí ara rẹ̀ kò balẹ̀ tó ń jà kì í ṣe ìrora nìkan ló ń bá a jà ní gbogbo ìgbà, ó lè jẹ́ pé afẹ́fẹ́ tàbí omi ni kò tó.

Oúnjẹ kó bẹ̀rẹ̀ láàárín ọjọ́ àkọ́kọ́, kódà bó jẹ́ túùbù imú la máa gbà fún un. Mo mọ̀ wá ní Èkìtì, ẹbí á gbé iyán dé. Iyán dáa, ṣùgbọ́n ẹja, ẹyin, mọ́ínmọ́ín ni kó pọ̀ nínú àwo rẹ̀, torí ohun tí ara fi ń hun awọ tuntun nìyẹn. Ẹni tó jó lọ́rùn, ẹ má fi ìrọ̀rí sí i lábẹ́ orí. Ó máa ń rọ̀ ọ́ lọ́rùn lóòótọ́, ṣùgbọ́n àgbọ̀n rẹ̀ á lẹ̀ mọ́ àyà nígbà tí egbò bá ń jinná, gbogbo wa la ti rí irú wọn lójú títì. Ìka ọwọ́, ẹ di wọ́n lọ́tọ̀ọ̀tọ̀.

Akẹ́kọ̀ọ́ Adó

Ẹ ṣé mà. Mo ti kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Ìgbà wo ló yẹ ká gbé aláìsàn kúrò ní ọsibítù kékeré?

Dókítà Òkè

Àgbàlagbà tó ju pásẹ́ǹtì 20 lọ, ọmọdé tó ju 10, ojú, ọwọ́, ẹsẹ̀, ojú ara, oríkèé, iná mànàmáná, èéfín tó wọ ẹ̀dọ̀fóró, ẹni tí wárápá gbé sínú iná, torí òun náà ní àìsàn mìíràn tó ń béèrè ìtọ́jú. Láti Ìkọ̀lé, ẹ ó gba Ọ̀yẹ́ sí Ìfàkì, kí ẹ tó yà sí Ìdó tàbí kí ẹ lọ sí Adó. Àwọn ọsibítù olùkọ́ni méjèèjì wà níbẹ̀. Àwọn kan yóò tún ti ibẹ̀ lọ sí UCH Ìbàdàn tàbí Igbobi ní Èkó.

Ẹ má gbé e láìsí omi lára, ẹ má sì gbé e lọ kí ẹ tó fi kàtítà sí i. Ẹ má fi ìpara funfun tàbí oògùn aláwọ̀ kankan kùn ún kó tó kúrò, torí ẹni tó máa gbà á fẹ́ rí awọ náà. Aṣọ mímọ́ gbígbẹ tó.

Sítà Ìkọ̀lé

Èmi àti Nọ́ọ̀sì Òru ti jókòó, a ti fà ìlà sórí ìwé kan tá a fẹ́ lẹ̀ mọ́ ògiri yàrá pàjáwìrì, kí ẹ̀dà rẹ̀ sì máa bá aláìsàn lọ. Ìlà mẹ́rin: aago, omi tó wọlé, ìtọ̀ tó jáde, ìyípadà tá a ṣe. Lókè rẹ̀, orúkọ, kílò, pásẹ́ǹtì, TT, oògùn ìrora àti aago tá a fún un. Ẹ bá wa wò ó.

Nọ́ọ̀sì Òru

Sítà gbàgbé ohun tó fa ìjà. Aago tí iná jó o ni kó ṣáájú orúkọ, kí a fi bírò pupa kọ ọ́.

Màmá Afẹ̀yìntì

Ó dáa. Níbi kílò, ẹ fi àyè sílẹ̀ kí nọ́ọ̀sì kọ ọ́ bóyá ó wọ̀n ọ́n ni àbí ó fojú díwọ̀n. Àwọn tó wà ní Ìdó ní òṣùwọ̀n, wọ́n á tún un ṣe.